Ìfẹ́ Tó Wọ Bọ́ọ̀sì Ìfọ́n

Bọ́ọ̀sì Yésúfù kún láàárọ̀ ọjọ́ Ajé yẹn débi pé èémí tí ẹni iwájú bá mí sínú, ẹni ẹ̀yìn ló ń bá a mí i jáde. Èrò méjìdínlógún ni wọ́n kọ sára ilẹ̀kùn rẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá ka adìyẹ, àpò gààrí àti ìyá kan tó gbé ọmọ mẹ́ta lẹ́sẹ̀, wọ́n á tó odindi ìjọ kan, pẹ̀lú akọrin. Láàrin ìfúnpọ̀ yìí ni Máyọ̀wá Àkànó ti rí ọmọbìnrin kan lẹ́bàá fèrèsé.

Kò kọ́kọ́ rí ojú rẹ̀. Ọrùn rẹ̀ ló rí, ọrùn gígùn onílà mẹ́ta, àti pẹ́ńsùlù pupa kan tó fi gún irun rẹ̀ mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yíjú díẹ̀, oòrùn àárọ̀ bọ́ sí i lẹ́rẹ̀kẹ́, ó sì rẹ́rìn-ín sí ohun kan nínú fóònù rẹ̀. Ẹ̀rín yẹn mọ́lẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé bí àwọn oníná bá rí i ni, wọn ì bá ti fa wáyà mọ́ ọn lẹ́nu, kí gbogbo Òṣogbo máa rí iná lò títí di Kérésìmesì.

Ọmọ Ìlọ́bù ni Máyọ̀wá. Fóònù ló ń tún ṣe ní Òṣogbo, ó sì ti fúnra rẹ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe áàpù. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe, ó sọ ọ́ ní Ẹ-kú-ìrìn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé bí èèyàn bá wà lójú ọ̀nà láti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun gba Ìlọ́bù àti Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun lọ sí Òṣogbo, fóònù á fi ẹni tó wà nítòsí hàn án, kí wọ́n lè kí ara wọn, kí wọ́n jọ tàkúrọ̀sọ títí oníkálukú á fi bọ́ọ́lẹ̀. Ó ti lẹ bébà rẹ̀ mọ́ gbogbo gáréèjì, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ igi, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ màlúù. Síbẹ̀, oṣù kan gbáko ni òun nìkan fi wà nínú áàpù náà bí ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ilé òfìfo.

Àfi bí fóònù rẹ̀ ṣe gbọ̀n lápò láàárọ̀ yìí. Ó yọ ọ́, ó kà á pé ẹnìkan wà nítòsí, ìjìnnà rẹ̀ sì jẹ́ òdo. Ó fò sókè, orí rẹ̀ ró gbì mọ́ òrùlé ọkọ̀, kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n lára. Ó tẹ bọ́tìnnì ìkíni. Fóònù ọmọbìnrin onípẹ́ńsùlù bú sórin níwájú rẹ̀ gan-an.

Ọmọbìnrin náà yí padà. "Ẹ̀yin lẹ ń kí mi látẹ̀yìn?"

"Èmi ni," Máyọ̀wá wí, àyà rẹ̀ yọ síta bí ti àkùkọ. "Èmi náà ni mo ṣe áàpù ọ̀hún."

"Ẹ kúuṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, bó bá jẹ́ olè lẹ jẹ́ ńkọ́? Ó kọ orúkọ mi síta, ó kọ ibi tí mo ti wọkọ̀, ó tún fi àmì pupa sórí ilé bàbá mi. Ó kù kó sọ irú ọbẹ̀ tí a fi jẹun lánàá."

Ìyá kan lẹ́yìn béèrè bóyá ó lè sọ ọ́ lóòótọ́, nítorí òun fẹ́ mọ ohun tí ìyàwó ọmọ òun ń sè. Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín, àwọn adìyẹ náà dá sí i.

Máyọ̀wá ní èsì fún gbogbo ọ̀rọ̀ láyé. Ó lè bá ògiri jiyàn kí ògiri tọrọ àforíjì. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yìí, ó fi iyàn sílẹ̀. Ó béèrè wọ́ọ́rọ́wọ́ pé, "Báwo ni kí n ṣe é?"

Ìjà ni ọmọbìnrin náà múra sílẹ̀ dè, kò múra de ìbéèrè. Inúmidùn Adéjọbí lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ìfọ́n ni, àwòrán yíyà ló ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé kan ní Òṣogbo. Ó yọ pẹ́ńsùlù kúrò lórí, irun rẹ̀ tú sílẹ̀, ẹ̀mí Máyọ̀wá sì tú tẹ̀lé e. Ó ya bọ́ọ̀sì kékeré kan sẹ́yìn ìwé rẹ̀.

"Ọkọ̀ ni kó máa hàn, kó má ṣe èèyàn," ó wí. "Àwọn tó bá wà nínú ọkọ̀ kan náà nìkan ni kó máa kí ara wọn. Bí èèyàn bá ti bọ́ọ́lẹ̀, kó pòórá. Ìrìn lẹ ní ẹ fẹ́ máa kí, ẹ fi ilé onílé sílẹ̀."

Kí wọ́n tó dé Òṣogbo, Máyọ̀wá ti mọ̀ pé áàpù òun ò dáa, ó sì ti mọ̀ pé òun ti rí aya.

Láti ọjọ́ náà lọ, bọ́ọ̀sì Yésúfù di ọ́fíìsì wọn. Inúmidùn á ti wọ̀ ọ́ láti Ìfọ́n, á fi báàgì gba àyè sílẹ̀. Máyọ̀wá á wọ̀ ọ́ ní Ìlọ́bù. Ohun tí ọmọbìnrin yìí bá yà sórí bébà láàárọ̀, ọkùnrin náà á ti gbé e wọ inú fóònù kó tó di ìrọ̀lẹ́. Inúmidùn ló sọ pé lágbègbè tiwa, ẹni tí kò kí èèyàn kò lè bá èèyàn sọ̀rọ̀. Nítorí náà kí áàpù má gba ọ̀rọ̀ kankan wọlé àfi lẹ́yìn ìkíni. Ó ya bọ́tìnnì fún ìkíni kọ̀ọ̀kan: ẹ kú ìdúró fún ẹni tó ń retí ọkọ̀, ẹ kú ìjókòó fún ẹni tó ti ráyè, ẹ kú ewu ọ̀nà fún ẹni tó ti dé. Máyọ̀wá fẹ́ fi ẹ kú ìfúnpọ̀ kún un. Ó ní nínú ọkọ̀ Yésúfù, ìyẹn ni wọ́n máa tẹ̀ jù.

Àfi bí èrò ṣe ya wọ áàpù náà. Àwọn oníṣòwò Ẹ̀rìn, àwọn télọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, gbogbo wọn ń kí ara wọn lọ, wọ́n ń kí ara wọn bọ̀. Ọkùnrin kan tipasẹ̀ rẹ̀ mọ̀ pé àna òun ló ti ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ òun láti ọdún méjì, tí òun sì ti ń sùn lé e léjìká. Nígbà tó fi máa pé oṣù mẹ́ta, ó kù díẹ̀ kí àwọn ewúrẹ́ Ẹ̀rìn máa béèrè dátà.

Lọ́sàn-án Ẹtì kan, òjò ká àwọn méjèèjì mọ́ abẹ́ páànù kan ní gáréèjì Òṣogbo. Máyọ̀wá wo ilẹ̀, ó wo òjò, ó tún wo ilẹ̀.

"Àbẹ̀kẹ́," ó fi oríkì rẹ̀ pè é, "bọ́tìnnì kan ṣì kù tí a ò tíì ṣe."

"Èwo nìyẹn, ọ̀gá oníṣẹ́ fóònù?"

"Èyí tí mo máa tẹ̀ nígbàkígbà tí o bá fẹ́ bọ́ọ́lẹ̀, tí ọkàn mi ò fẹ́ kí o bọ́ọ́lẹ̀."

"Ìyẹn ò gba bọ́tìnnì, olówó orí mi. Ẹnu ni wọ́n fi ń sọ ọ́."

Ó fi ẹnu sọ ọ́. Òjò ń pariwo lórí páànù bí ẹgbẹ̀rún ọmọ tó ń lu abọ́, ṣùgbọ́n Inúmidùn gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó kàn ní kó tún un sọ ni, bí ẹni pé òjò dí òun létí.

Bàbá Inúmidùn ni ẹni tí gbogbo ayé ń pè ní Tíṣà. Ọdún márùndínlógójì ló fi kọ́ ọmọ níwèé, ọmọ Ìfọ́n, ọmọ Ìlọ́bù, kò yọ ẹnì kankan sílẹ̀ nínú ẹgba. Lẹ́yìn tó fẹ̀yìntì, ó ń dá oko ẹ̀gẹ́ sẹ́bàá títì láàrin ìlú méjèèjì, lórí ilẹ̀ tí bàbá bàbá rẹ̀ ti dáko. Ọ̀tá rẹ̀ kan ṣoṣo láyé ni ọ̀rá píọ̀-wọ́tà tí àwọn èrò ọkọ̀ ń jù sí i lóko. Bí Tíṣà bá sì fi ìbínú bú mọ́ bọ́ọ̀sì kan, afẹ́fẹ́ á jò nínú táyà, àwọn tó ń lọ sí Òṣogbo á gbàgbé ohun tí wọ́n ń lọ ṣe.

Síbẹ̀, Tíṣà fẹ́ràn Ẹ-kú-ìrìn bí ẹyinjú. Òun ló fi ń mọ̀ pé ọkọ̀ ọmọ òun ti sún mọ́lé. Ó tilẹ̀ sọ lọ́jọ́ kan pé ẹni tó ṣe nǹkan yìí ní ọpọlọ, irú rẹ̀ ló yẹ kéèyàn fún lọ́mọ. Inúmidùn gbọ́, ó ká ọ̀rọ̀ náà pamọ́ bí aṣọ Àjíǹde, wọ́n sì dá ọjọ́ Sátidé kan tí Máyọ̀wá á wá fojú han bàbá.

Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ọjọ́ náà ni Máyọ̀wá ṣe àṣìṣe. Ó rí i pé àwọn tó ń sùn nínú ọkọ̀ máa ń kọjá ìlú wọn, ó wá fẹ́ kí fóònù máa fọhùn bí ọkọ̀ bá ti wọ ìlú kan. Inúmidùn bá a ka àwọn ọ̀rọ̀ náà sínú rẹ̀ lóhùn dídùn. Máyọ̀wá fi ìka ya ààlà ìlú kọ̀ọ̀kan sórí máàpù. Ibi tí bàbá bàbá rẹ̀ nawọ́ sí nígbà tó wà ní kékeré pé ibẹ̀ ni Ìlọ́bù parí sí, ibẹ̀ náà ló yà á dé. Kò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìlú méjèèjì ti ń du ilẹ̀ àárín yẹn kí wọ́n tó bí àwọn tó bí i, ọmọ Ìfọ́n náà sì ní ibi tí bàbá bàbá tirẹ̀ nawọ́ sí. Ṣùgbọ́n ohun tí èèyàn bá mu pọ̀ mọ́ ọmú, kì í rò ó pé ó yẹ kí òun bi ẹnìkan léèrè nípa rẹ̀.

Sátidé pé. Tíṣà bẹ̀rẹ̀ sóko láàárọ̀, fóònù wà lápò àyà rẹ̀. Ni ohùn ọmọ tó bí nínú ara rẹ̀ bá sọ̀rọ̀ láti inú àpò náà pé, "Ẹ káàbọ̀ sí Ìlọ́bù."

Tíṣà nàró. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rìn lọ sí ebè kejì. Ohùn náà tún kí i. Ó yí gbogbo oko po, ó ń wá ibi tí fóònù á ti gbà pé inú oko bàbá òun ni òun wà. Ìgbà mẹ́rìnlá ni ọmọ rẹ̀ kí i káàbọ̀ sí ìlú ẹlòmíràn. Ewé ẹ̀gẹ́ tó wà nítòsí rẹ̀ lọ́jọ́ náà rọ láìsí oòrùn.

Ọ̀sán ni Máyọ̀wá dé ilé wọn. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àyà kan ilẹ̀. Tíṣà béèrè ta ni, ará ibo ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin yìí rò pé òun ní ọ̀rọ̀ kan tí á ṣílẹ̀kùn fún òun, ó tètè dá a lóhùn pé Ìlọ́bù ni òun ti wá, òun sì ni òun ṣe Ẹ-kú-ìrìn.

Tíṣà kò pariwo. Ìyẹn ló ba Inúmidùn lẹ́rù jù.

"Dìde, ọmọ mi. Mi ò ní bú ọ. Wọ́n ti fi ẹnu bá wa du ilẹ̀ yẹn, wọ́n ti bá wa dù ú ní kóòtù. Ẹni tó fi ìka kan ṣoṣo gbà á, mi ò rí i rí, àfi ìwọ. O wá tún fi ohùn ọmọ mi kí mi káàbọ̀ sí i." Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún. "Níwọ̀n ìgbà tí fóònù yẹn bá ṣì ń pe oko bàbá mi ní Ìlọ́bù, má ṣe pe ọmọ mi ní ìyàwó."

Máyọ̀wá sáré délé láti yí i sí Ìfọ́n. Ìyá rẹ̀, Stella, tó ń darí ẹgbẹ́ akọrin obìnrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Ìlọ́bù, gbọ́ ohun tó fẹ́ ṣe, ó sì jókòó lé kọ̀ǹpútà tí á fi ṣe é. Ìjókòó gidi ni mo wí, pẹ̀lú gbogbo ìdí rẹ̀. Ó ní bó bá kọ Ìfọ́n síbẹ̀, kò sí ẹnì kan nínú ẹbí tó máa bá a lọ tọrọ ìyàwó, nítorí òun ò mọ ojú tí òun á fi wo àwọn ará ilé bàbá rẹ̀.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Bó bá fi Ìlọ́bù sílẹ̀ níbẹ̀, kò ní ìyàwó. Bó bá kọ Ìfọ́n, kò ní ẹni tí yóò bá a tọrọ rẹ̀. Ta ló sì ń fi ọmọ fún ẹni tó dá nìkan wá bí ológbò? Máyọ̀wá pinnu pé òun á pa áàpù náà rẹ́ pátápátá, kí oníkálukú máa sùn kọjá ìlú rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé, nígbà tí wọ́n ń bọ̀ láti Òṣogbo, kò bọ́ọ́lẹ̀ ní Ìlọ́bù. Ó dúró sínú ọkọ̀ kó lè sọ ìpinnu rẹ̀ fún Inúmidùn.

"Wọ́n ní kí n má bá ọ sọ̀rọ̀ mọ́," ọmọbìnrin náà wí.

"Ta lo wá ń bá sọ̀rọ̀ yìí?"

"Fèrèsé." Ó kọjú sí i. "Fèrèsé, bá mi sọ fún Àkànó pé bó bá pa ohun tí a jọ fọwọ́ ara wa ṣe, màá lọ fẹ́ Yésúfù."

Yésúfù dáhùn láti iwájú pé ìyàwó méjì tí òun ní ti tó òun, kí wọ́n má ṣe dá wàhálà kún wàhálà òun.

Bí wọ́n ṣe ń sún mọ́ oko ẹ̀gẹ́, obìnrin kan ké sí i pé, "Dẹ́rẹ́bà, mo fẹ́ bọ́ níbi Tíṣà Oníbínú." Yésúfù tẹ bíréèkì, ó dúró síbẹ̀ gẹ́lẹ́. Obìnrin náà bọ́ọ́lẹ̀, ó rọra gba etí oko kọjá, ó di ọ̀rá omi rẹ̀ mọ́wọ́ gírígírí.

Inúmidùn gbá apá Máyọ̀wá mú, ó gbàgbé fèrèsé. Ó béèrè bóyá ó gbọ́. Obìnrin yẹn kò pe ibẹ̀ ní Ìlọ́bù, kò pè é ní Ìfọ́n. Kò sí èrò tó ń pè é bẹ́ẹ̀, nítorí bó o bá dárúkọ ìlú fún dẹ́rẹ́bà, àárín ìlú ni yóò gbé ọ lọ já sí.

"A ò ní kọ ìlú kankan síbẹ̀," ó wí. "Àwọn tó ń bọ́ọ́lẹ̀ níbẹ̀ ni ká bi."

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n yá kọ̀ǹpútà ní Òṣogbo, wọ́n pa gbogbo ààlà rẹ́ kúrò lórí máàpù, bẹ̀rẹ̀ láti Ìfọ́n títí dé Òṣogbo. Dípò rẹ̀, áàpù bẹ̀rẹ̀ sí í bi èrò léèrè ní ibùdókọ̀ kọ̀ọ̀kan pé: bí ẹ bá fẹ́ bọ́ níbí, kí lẹ máa ń wí fún dẹ́rẹ́bà? Orúkọ tí èèyàn tó pọ̀ jù bá pè é ni fóònù á máa pè é. Láàrin ọ̀sẹ̀ kan, ìdáhùn rọ̀ bí òjò. Ibì kan di Ilé Alájá Méje. Ibì kan di Ibi Oníbúlọ́ọ̀kù. Lẹ́bàá oko ẹ̀gẹ́, igba èèyàn ó lé mọ́kànlá ló kọ ọ̀rọ̀ kan náà, ọ̀rọ̀ tí obìnrin inú ọkọ̀ yẹn sọ.

Ẹ̀rù ba Máyọ̀wá. Ó ní kí àwọn yọ Oníbínú kúrò, kó ku Tíṣà nìkan, kí bàbá má baà fi àdá lé òun títí dé Ògbómọ̀ṣọ́. Inúmidùn kọ̀ jálẹ̀. Ó ní bí àwọn bá fi lè yọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú ohun tí èrò sọ, àwọn ti tún sọ ara àwọn di onílẹ̀ nìyẹn.

Nítorí náà, ó kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀ pẹ̀lú fóònù náà, Máyọ̀wá sì dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ẹsẹ̀ kan síta nítorí eré sísá. Tíṣà ka ohun tó wà níbẹ̀. Ó tún un kà. Ó pẹ́ lórí rẹ̀ débi pé adìyẹ á ti yé ẹyin kan, á sì ti pa á.

"Àwọn ará Ìfọ́n ló ń pè mí bẹ́ẹ̀?" ó béèrè.

"Mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún, sà," Inúmidùn wí.

"Àwọn tó kù ńkọ́?"

"Láti Ìlọ́bù ni wọ́n ti ń wọkọ̀, sà. Méjìléláàdọ́fà."

Èjìká Tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Inúmidùn rò pé àìsàn ló dé, ó sáré dìde láti bu omi. Àṣé ẹ̀rín ni. Ẹ̀rín tó ti há sí i nínú láti ọdún márùndínlógójì tó fi ń díbọ́n ojú líle fún àwọn ọmọ kíláàsì ló tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn ará ilé kejì yọjú láti wá wo ohun tó wó.

"Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi," ó wí, ó ń nu ojú, "mi ò rí ohun kan tí Ìlọ́bù àti Ìfọ́n jọ fẹnu kò lé lórí rí. Àṣé èmi ni."

Nígbà tó rọlẹ̀ tán, ó pe Máyọ̀wá wọlé, ó béèrè lóhùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bóyá kò ṣeé ṣe kí wọ́n bá òun yọ Oníbínú kúrò.

"Kò sí lọ́wọ́ mi, Bàbá," Máyọ̀wá dáhùn láti ilẹ̀. "Àwọn èrò ló ni orúkọ. Ẹ̀yin nìkan lẹ lè yí i padà."

"Báwo ni màá ṣe yí i?"

"Kí ẹ má bínú mọ́, sà."

Tíṣà tún wó sẹ́rìn-ín. Ó ní kó lọ mú àwọn ẹbí rẹ̀ wá.

Ó ku Stella. Ọ̀sán kan ló bá bọ́ọ̀sì kọjá lẹ́bàá oko ẹ̀gẹ́, tó gbọ́ tí fóònù akọrin ẹgbẹ́ rẹ̀ kan pe ibẹ̀ ní Ibi Tíṣà Oníbínú. Ó rẹ́rìn-ín débi pé ó gbàgbé orin tí wọ́n ń lọ kọ́. Ó padà délé, ó gbé kọ̀ǹpútà tó ti gbẹ́sẹ̀ lé padà fún ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ó ní òun ò gbà fún Ìfọ́n o, kí ẹnikẹ́ni má ṣì í gbọ́. Tíṣà ni òun gbà fún. Òun ló na òun nígbà tí òun wà ní Praimárì Fáìfù, ó sì tọ́ sí òun.

Ọjọ́ ìdána pé. Bọ́ọ̀sì Yésúfù kó ẹbí Àkànó láti Ìlọ́bù, ó kún ju bó ṣe máa ń kún lọ, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn iṣu ìdána jókòó lórí ẹsẹ̀ àwọn àgbà. Níbi tí wọ́n ti fẹ́ kọjá oko ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ti rí Tíṣà lẹ́bàá títì nínú agbádá, ó nawọ́ dá ọkọ̀ dúró. Àwọn tó ń mu omi gbé ọ̀rá pamọ́ sábẹ́ aṣọ. Kò sí bàbá ìyàwó tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Inú ilé ló yẹ kó jókòó sí, kí ó fajú ro, kí wọ́n wá bá a níbẹ̀.

Tíṣà wọlé, Stella sún fún un, wọ́n fún pọ̀ mọ́ ọkọ ìyàwó. Yésúfù béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ibi tí Bàbá fẹ́ bọ́.

"Ilé mi," Tíṣà wí. "Àwọn àna mi ni mo wá mú lọ."

Orin tí Stella dá sílẹ̀ nínú ọkọ̀ yẹn, wọ́n gbọ́ ọ ní Ẹ̀rìn, wọ́n gbọ́ ọ ní Òṣogbo, ẹja gbọ́ ọ nínú odò. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, ilẹ̀kùn wà ní títì. Rísíkátù, àbúrò Tíṣà obìnrin, ló ń ṣe alága ìjókòó fún ẹbí ìyàwó, ó sì fi ara dí ilẹ̀kùn. Ó ní òun rí ẹni tó bá àwọn ará Ìlọ́bù wọkọ̀. Bàbá ìyàwó tó bá ọkọ ìyàwó wọkọ̀, ara ẹbí ọkọ ni, kó lọ tò sẹ́yìn wọn, kó dọ̀bálẹ̀ tọrọ ọmọ.

Tíṣà wo àbúrò rẹ̀. Gbogbo èèyàn dúró de ariwo. Ó ká agbádá rẹ̀ sókè, ó tẹ́ ara rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Máyọ̀wá níwájú ilé tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́, àyà rẹ̀ kan ilẹ̀. Ó bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n fi ọmọ yìí fún ọmọ Ìlọ́bù, òun mọ̀ ọ́n, òun dúró fún un.

Inúmidùn ti ń gbọ́ ọ látinú yàrá. Kò dúró de ẹni tí yóò mú un jáde. Ó ti Rísíkátù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan jẹ́jẹ́, ó ṣí ilẹ̀kùn, ó bọ́ sínú oòrùn. Ó kọ́kọ́ gbé bàbá rẹ̀ dìde, ó gbọn eruku kúrò lára agbádá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́ sí Máyọ̀wá, ó fà á dìde. Ọwọ́ yẹn ni kò jọ̀wọ́ mọ́.